Bí A Ṣe Ń Mú Vespa Àtijọ́ Padà Sójú Títì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Kì í Ṣe Mẹkáníìkì

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde, Vespa tí olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan gùn lọ síbi iṣẹ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa ronú láti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, láìmọ̀ pé ohun tó ń ṣe é kì í sábà pọ̀ tó bí ó ṣe rí lójú. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní sùúrù, tó lè di sípánà mú, ṣùgbọ́n tí kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ ni pé ara irin, ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì ni a ń kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀dà ni ó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ Vespa ni ó ń padà sí ẹ̀yìn ilé nítorí pé ẹni tó ni ín ná gbogbo owó rẹ̀ sórí dídán ara kó tó mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò jí.

Ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ilé iṣẹ́ Piaggio ní ìlú Pontedera ní Ítálì ni ó ṣe Vespa àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1946, Corradino D'Ascanio, ẹ̀ńjíníà ọkọ̀ òfuurufú, ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ohun méjì nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ó kan ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Èkíní, Vespa kò ní férémù ọ̀pá bíi ti alùpùpù mìíràn: páànù irin tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó pọ̀ ni ó ru ohun gbogbo, nítorí náà ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ páànù náà, ohun tó gbé ẹni tó ń gùn ún dúró ni ó jẹ. Èkejì, kò ní ṣéènì. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti táyà ẹ̀yìn jẹ́ odidi kan tí bóòtì gígùn kan àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn so mọ́ ara, tó fi jẹ́ pé ẹni méjì lè sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán kan.

Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ tó bo ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wá ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà ni yóò sọ irú èyí tó jẹ́. VBB1T tàbí VBB2T jẹ́ ti 150 cc tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 sókè, tí táyà rẹ̀ jẹ́ 3.50-8, VLX1T jẹ́ 150 cc ti ìran PX, VSX1T sì jẹ́ 200 cc, táyà àwọn méjèèjì sì jẹ́ 3.50-10. Ti ẹ́ńjìnnì sábà máa ń bá ti ara mu, àyàfi pé M ni yóò dípò T: VLX1T á máa bá VLX1M rìn, ṣùgbọ́n VSX1T á máa bá VSE1M rìn. Bí wọn kò bá bára rìn báyìí, ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà kan rí. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ ra ohun èlò, kí ẹ sì tún fi nọ́ńbà ara wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ní ìparí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìran PX tó jáde láti ọdún 1977 ni mo gbà níyànjú. Wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ LML ní Íńdíà náà sì ṣe irú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ohun èlò rẹ̀ bá a mu, nítorí náà ohun tí ẹ bá ń wá kò ní ṣòro rí. Òun ni èyí tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Yíyẹ ara irin wò

Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ibi ìtẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀pá onígun tí wọ́n jó mọ́ abẹ́ páànù yẹn, ibi tí páànù ti pàdé òkè àárín tí kébù ń gbà kọjá, àti ìdí ihò tí pẹ́dàlì bíréèkì ti yọ jáde ni omi máa ń dúró sí. Ẹ fi ẹnu sikirudiráfà gún wọn díẹ̀díẹ̀. Irin tó dára yóò dún, èyí tó ti jẹrà yóò wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, kí ẹ máa gbé e lọ lórí gbogbo ara. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà tí àwọn páńẹ́lì bítà fi dí ihò ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ìpẹtà ibi ìtẹ́sẹ̀ ṣeé tún ṣe, nítorí pé wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè gé páànù náà kúrò kó sì jó tuntun síbẹ̀, bí ẹ bá ṣáà ti rí i dájú pé ó de ara mọ́lẹ̀ kó tó gé e, kí ó má baà wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí bóòtì ẹ́ńjìnnì gbà kọjá, tàbí tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò bá dúró lórí ìlà kan náà nígbà tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ wá òmíràn. Owó tí ẹ ó ná lórí irú èyí yóò ju iye òmíràn tó sàn lọ.

Nípa ẹ́ńjìnnì tó ti le gbagidi, ẹ má gun kíìkì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, nítorí eyín kíìkì yóò kán. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ yí fìláwíìlì (wíìlì alábẹ́bẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì) lọ síwá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ni yóò tú.

Títú u palẹ̀

Ẹ ya àwòrán ohun gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, pàápàá ibi tí wáyà àti kébù gbà. Ẹ fi nọ́ọ̀tì àti bóòtì apá kọ̀ọ̀kan sínú àpò ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Ẹ má ju ohunkóhun nù títí alùpùpù yóò fi rìn, títí kan èyí tó ti bàjẹ́, nítorí òun ni ẹ ó gbé lọ sí ọjà láti fi wé tuntun. Ohun èlò àtijọ́ tí Piaggio ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń lágbára ju àfarawé tuntun lọ. Bí ó bá ṣeé fọ̀ kó sì tún ṣiṣẹ́, ẹ fọ̀ ọ́.

Kébù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó gba inú ara Vespa kọjá: méjì ti jíà, ti kílọ́ọ̀ṣì, ti bíréèkì iwájú, ti epo, àti èyí tó ń ka eré. Kí ẹ tó fa ọ̀kankan jáde, ẹ so okùn tó lágbára mọ́ ìdí rẹ̀, kí okùn náà lè dúró sípò rẹ̀ nínú irin. Okùn yìí ni ẹ ó fi fa kébù tuntun padà. Ẹni tó bá gbójú fo èyí yóò jìyà gan-an.

Láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ yọ àwọn ìbòrí ẹ̀gbẹ́, ẹ já rọ́bà epo, ẹ tú àwọn kébù àti wáyà tó wọ inú rẹ̀, ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ tó wá fa bóòtì gígùn iwájú jáde. Bóòtì gígùn yìí ni ó máa ń le jù, nítorí pé ó máa ń dípẹtà mọ́ ọ̀pá inú rọ́bà tó gbà kọjá. Ẹ máa da ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó lù ú, kí òòlù má baà ba eyín bóòtì náà jẹ́.

Ẹ́ńjìnnì

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí Vespa bá ti jókòó fún ọdún pípẹ́, ẹ má gbìyànjú láti gbé e jí kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì wò, kódà bí ó bá tiẹ̀ ń yí. Ohun tó fà á ni àwọn ọ́ìlì síìlì méjèèjì tó wà lára kiráǹkì, irin tí písítìnì ń yí. Ẹ́ńjìnnì yìí ń fa epo àti afẹ́fẹ́ gba inú igbá kiráǹkì kó tó gòkè sínú sìlíńdà, nítorí náà igbá náà gbọ́dọ̀ dí pinpin, àwọn síìlì wọ̀nyí ni ó sì dí i. Rọ́bà wọn máa ń gan bí wọ́n bá ti pẹ́ láìṣiṣẹ́. Bí ti ẹ̀gbẹ́ fìláwíìlì bá ń jò, afẹ́fẹ́ yóò máa wọlé láìtọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a fún un ní epo, yóò sì gbóná títí písítìnì yóò fi lẹ̀. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì bá ń jò, yóò máa fa ọ́ìlì jíà mu, èéfín funfun yóò bo àdúgbò, ọ́ìlì tó wà nínú jíà yóò sì máa dínkù láìsí ibi tí ó jò sí nílẹ̀. Owó síìlì méjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kiráǹkì.

Ẹ da ọ́ìlì jíà nù, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì àti fìláwíìlì. Ẹ nílò púlà fún fìláwíìlì àti sípánà àkànṣe fún nọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ rà wọ́n, ẹ má fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù dípò wọn. Ẹ má sì ki sikirudiráfà sáàárín abẹ́bẹ̀ fìláwíìlì láti dá a dúró, nítorí abẹ́bẹ̀ yẹn ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí sìlíńdà, tí ó bá sì kán, fìláwíìlì náà kò ní dúró déédéé mọ́. Kí ẹ tó tú àwo wáyà tó wà lẹ́yìn fìláwíìlì, ẹ fi ohun ṣóńṣó fa ìlà kan tó kan àwo náà àti igbá ẹ́ńjìnnì pọ̀, kí ẹ lè dá a padà síbi tí iná ti ń mú ní àkókò tó yẹ.

Nígbà tí ẹ bá ti yọ sìlíńdà, tí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì gbogbo, ẹ fi òòlù rọ́bà gbá igbá náà yípo títí yóò fi là sí méjì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ki irin sáàárín ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú rẹ̀ ẹ ó rí ojú àlùmíníọ́mù kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ihò tí epo ń gbà wọlé wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kiráǹkì ń yí lórí ojú yìí láìfara kàn án, ó ń ṣí ihò náà, ó sì ń tì í, bí ilẹ̀kùn. Ẹ má fi sáńpépà tàbí búrọ́ọ̀ṣì irin kàn án rárá; kẹrosíìnì àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Bí ẹ bá rí ìlà jíjìn lára rẹ̀, bíárìn ti fọ́ rí, irin kan sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Igbá bẹ́ẹ̀ lè gbà kí ẹ́ńjìnnì jí, ṣùgbọ́n yóò máa ṣòro láti tiná, kò sì ní lágbára.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo bíárìn, gbogbo síìlì àti gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ ti ṣí i dé ibẹ̀. Kí bíárìn lè wọlé láìlò agbára, ẹ mú igbá ẹ́ńjìnnì gbóná dé nǹkan bí 100 °C nínú ààrò, kí ẹ sì ti fi bíárìn sínú firíìsà láti alẹ́ àná; yóò sọ̀ sínú àyè rẹ̀. Ẹ yẹ irin tó rí bí àgbélébùú tó wà láàárín àwọn jíà wò pẹ̀lú. Etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ mú, kí wọ́n má ṣe yíká. Òun ni ó ń di jíà mú, tí ó bá sì ti jẹ, jíà yóò máa já sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àtipààrọ̀ rẹ̀ láìtún tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ẹ ti ríìngì tuntun nìkan sínú sìlíńdà, kí ẹ sì fi fílà géèjì (àwọn ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: 0.2 sí 0.35 mm ni ó dára. Bí inú sìlíńdà bá ti ní ìlà tí èékánná yín ń kọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń ríbọ́ọ̀ (tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ inú sìlíńdà), kí ẹ sì ra písítìnì ṣáájú, kí wọ́n lè wọn sìlíńdà mọ́ ọn. Ọfà orí písítìnì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára dè é: nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà 13 sí 18 Nm, ti kílọ́ọ̀ṣì 40 sí 45 Nm, ti fìláwíìlì 60 sí 65 Nm, ti táyà ẹ̀yìn 90 sí 110 Nm pẹ̀lú pín tuntun. Lẹ́yìn náà ẹ da ọ́ìlì SAE 30 tó jẹ́ 250 ml sí jíà.

Iná àti epo

Lára àwọn PX tí lẹ́tà E wà nínú orúkọ wọn, tí wọn kò lo pọ́íǹtì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pàdé kí iná lè ta), ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ ara wáyà tó jáde láti ẹ̀yìn fìláwíìlì títí rọ́bà wọn yóò fi máa bù bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ẹ̀rọ iná tuntun nígbà tí wáyà wọ̀nyí nìkan ni àìsàn náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ jó wáyà tuntun tó lè fara da ooru mọ́ wọn, kó sì lo àwọ̀ kan náà. Bí tiyín bá jẹ́ olópọ́íǹtì, àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.4 mm. Ti púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.6 mm.

Kábúrétọ̀ rọrùn: ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fi epo fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà ki ihò jẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá), nítorí yóò fẹ̀ sí i. Àgbá epo tó ti dípẹtà nínú ni kí ẹ kó nọ́ọ̀tì mélòó kan sí pẹ̀lú omi tí ẹ pò mọ́ citric acid, kí ẹ mì í, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kíá kí ìpẹtà tuntun má baà bẹ̀rẹ̀.

Bíréèkì àti táyà

Bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos (fọ́nrán tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) nínú, nítorí náà ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ jáde. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sì bo imú. Ẹ ra bàtà bíréèkì tuntun àti kébù tuntun pátápátá.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fò yín. Rímù Vespa jẹ́ abala méjì tí nọ́ọ̀tì márùn-ún dè pọ̀, nọ́ọ̀tì márùn-ún mìíràn ni ó sì dè é mọ́ ara alùpùpù. Bí ẹ bá tú àwọn tó dè abala méjèèjì pọ̀ nígbà tí atẹ́gùn ṣì wà nínú táyà, rímù náà yóò fò lé yín lójú. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo atẹ́gùn rẹ̀. Táyà tuntun ni kí ẹ fi sí i, bó ti wù kí ti àtijọ́ dán tó, kí ẹ fẹ́ ti iwájú dé 18 psi àti ti ẹ̀yìn dé 26, tàbí 36 bí ẹ bá fẹ́ gbé ènìyàn.

Ọ̀dà

Bí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, kódà bí ó bá ti ṣá díẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dán an, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá irú rẹ̀ padà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti họ ọ́. Bí kíkùn bá di dandan, ẹ ha á kan irin, ẹ kùn ún ní práímà tó ń gbógun ti ìpẹtà ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì ṣe é nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ṣùgbọ́n kí eruku ọyẹ́ tó dé. Ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ohun tó ń mú un gan léwu fún ẹ̀dọ̀fóró; ẹ jẹ́ kí afínọ̀dà tó ní ìbòjú tó péye àti yàrá tó yẹ ṣe é fún yín.

Títan iná fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì alùpùpù oní-2-stroke mọ́ bẹntiróòlù ní ìwọ̀n 2 nínú 100, ìyẹn 20 ml sí lítà kan, tàbí 160 ml sí àgbá PX tó gba lítà 8. Àwọn PX kan ní àgbá ọ́ìlì tirẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń pò ó fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ máa pò ó fúnra yín títí ẹ ó fi rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ tú ìdè tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ lẹ́yìn kábúrétọ̀ ní yípo kan àtààbọ̀ láti ibi tí ó ti dé mọ́lẹ̀. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì láìfi ìbòrí sìlíńdà àti ti fìláwíìlì sípò, nítorí àwọn ni ó ń darí atẹ́gùn tó ń tù ú lára.

Fún 500 km àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní epo dé òpin, ẹ má sì sá eré kan náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, ẹ máa fún un ní epo díẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí inú epo yẹn ni ọ́ìlì tó ń tọ́jú písítìnì wà. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò: bí ó bá ní àwọ̀ igi, ó dára, bí ó bá funfun, ẹ dúró, kí ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, bí ó bá dúdú tó sì tutù, epo ti pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ tún fi sípánà wọn nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà, ti sàlẹ́ńsà àti ti táyà méjèèjì, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 50 km, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì jíà nígbà tí ó bá pé 1000 km.